Mo so Jira mọ́ Asana pẹ̀lú OAuth 2.0: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́rin

Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún OAuth 2.0, ìlànà tó ń jẹ́ kí áàpù kan wọ inú òmíràn láìgba pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ni ín. Ẹyọ kan tí mo yọ kì í ṣe torí pé kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣe é dáadáa. Mo yọ ọ́ torí pé ẹni tí kò bá ní akọ́kóòdù kan nítòsí kò lè dá a ṣe, bẹ́ẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló nílò ààbò yìí jù.

Èmi ni mo ń darí iṣẹ́ láàárín ẹgbẹ́ méjì. Àwọn tó ń kọ kóòdù kò lè ṣe kí wọ́n má lo Jira, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọpa iṣẹ́. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ àti àwọn tó ń ya àwòrán kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí Asana, irinṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Mo ti gbìyànjú rí láti kó gbogbo wa sójú kan, ìjà ló dá sílẹ̀. Nígbà tó yá, a fi kálukú sílẹ̀ sáyè rẹ̀, a ní kí irinṣẹ́ méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀: bí tíkẹ́ẹ̀tì (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan) bá parí ní Jira, kí iṣẹ́ tó bá a mu ní Asana yí padà fúnra rẹ̀, bí ẹnì kan bá béèrè àtúnṣe ní Asana, kí tíkẹ́ẹ̀tì ṣí ní Jira. Afárá tó wà láàárín wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá ọ̀nà tí afárá náà ń gbà fi hàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé.

Ọ̀nà tí a ń gbà tẹ́lẹ̀ rọrùn púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa wọ inú àkáǹtì rẹ̀, ó ṣẹ̀dá API token ní Jira, ó ṣẹ̀dá personal access token ní Asana (méjèèjì jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí tí áàpù fi ń wọlé dípò pásíwọ́ọ̀dù), ó kó méjèèjì sínú fáìlì kan lórí sáfà, ó parí. Kò gbà á tó ogún ìṣẹ́jú. Oṣù mẹ́jọ la fi lò ó tí ẹnikẹ́ni kò fi ronú kàn án.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa ní ọjọ́ Ẹtì, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tíkẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógún ti parí ní Jira, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó yí padà ní Asana. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ ti jókòó ti iṣẹ́ tó ti parí, wọ́n ń dúró de ohun tó ti wà nílẹ̀. A kọ́kọ́ rò pé sáfà ló kú. Ìgbà tí mo ṣí àkọsílẹ̀ sáfà, tí mo rí 401, 401, 401 (èsì pé wọn kò dá ẹni tó fẹ́ wọlé mọ̀) tó tò lọ sísàlẹ̀ bí ọ̀wọ́ èèrà, ló tó yé mi. Èèyàn kan la fi ṣe afárá. Ó ti lọ, afárá sì bá a lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tí mo rí nígbà tí mo ń wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Token bẹ́ẹ̀ lè ṣe gbogbo ohun tí ẹni tó ni ín lè ṣe. Ẹ̀gbọ́n wà nínú project kan ní Asana tí wọ́n ti ń jíròrò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Fáìlì kan ṣáá, lórí sáfà tí èèyàn mẹ́fà lè wọ̀, ló di kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀ mú. Èmi náà wà lára àwọn mẹ́fà yẹn. Fún oṣù mẹ́jọ, mo lè ka owó oṣù gbogbo ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́, n kò kàn mọ̀ ni. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀; àwa la fọwọ́ ara wa la ògiri náà lẹ́nu.

Kí a tó pinnu láti kọ́ tiwa, a yẹ iṣẹ́ alárenà kan wò, àwọn tó ń ta ìsopọ̀ tó ti délẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn. Ojú ewé wọn dùn ún wò, àwọn tó sì ń lò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbésẹ̀ kejì, wọ́n ní ká kọ ímeèlì àti API token alábòójútó wa sínú àpótí kan. Mo kọ̀wé sí wọn, mo béèrè ohun mẹ́ta: níbo lẹ ń tọ́jú token yìí sí, ta ló lè rí i láàárín yín, báwo la ṣe lè gbà á padà? Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n dúpẹ́ pé mo kọ̀wé, wọ́n fi líǹkì ojú ewé ìtajà wọn sí i. Mo pa àkáǹtì ìdánwò náà rẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lo alárenà o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é bó ṣe yẹ. Ohun kan lẹ máa wò: kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ṣé ó gbé yín lọ sí ojú ewé Jira tàbí ti Asana fúnra wọn, tí àdírẹ́sì wọn hàn lókè bùráwúsà? Bó bá jẹ́ ojú ewé tirẹ̀ ló ti ń bi yín ní pásíwọ́ọ̀dù irinṣẹ́ mìíràn, ẹ dìde níbẹ̀. Láti ọdún 2019 ni Atlassian, ilé-iṣẹ́ tó ni Jira, ti dá lílo pásíwọ́ọ̀dù dúró nínú REST API ti Jira Cloud, ìyẹn ọ̀nà tí áàpù mìíràn ń gbà bá Jira sọ̀rọ̀. Ìwé ìlànà tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025, RFC 9700, sì fòfin de pé kí áàpù máa gba pásíwọ́ọ̀dù èèyàn kó lè fi pààrọ̀ token.

Ẹ wo bí OAuth 2.0 ṣe ń ṣe tirẹ̀. Kò kúkú jẹ́ ohun tuntun, oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ni ìlànà rẹ̀, RFC 6749, jáde. Ká ní mo fẹ́ rán ẹnì kan níṣẹ́ wọ inú ilé mi. Dípò kí n kó kọ́kọ́rọ́ mi lé e lọ́wọ́, mo mú un lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ wò mí lójú, ó mọ̀ pé èmi ni, ó wá bi mí pé yàrá wo ni ẹni yìí lè wọ̀, kí ló sì lè ṣe níbẹ̀. Mo dáhùn. Ẹ̀ṣọ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ju yàrá yẹn lọ, tí kì í sì í pẹ́ kú. Ẹni tí mo rán kò rí kọ́kọ́rọ́ tèmi sójú rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a ṣí àkáǹtì fún afárá náà, ọ̀kan ní Jira, ọ̀kan ní Asana, tí kì í ṣe ti ẹ̀dá alààyè kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. OAuth tí Jira ń pè ní 3LO máa ń ṣiṣẹ́ lórúkọ ẹni tó bá tẹ Accept, bọ́tìnì ìyọ̀ǹda. Bó bá jẹ́ èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, ibi tí a ti ń bọ̀ náà la padà sí: ọjọ́ tí mo bá lọ, ó lọ. Àkáǹtì afárá wà nínú project mẹ́ta péré ní Jira àti méjì ní Asana, kò sì rí ìyókù. A fi ìfìdímúlẹ̀ onígbésẹ̀ méjì sí i, nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n ọgbọ̀n, a sì gbé e sórí fóònù èèyàn méjì kó má bàa di pé fóònù kan sọnù, gbogbo wa wà níta.

Lẹ́yìn náà ni áàpù fúnra rẹ̀. Ní developer console Atlassian, ojú ewé tí àwọn tó ń kọ áàpù ń lò, ẹ ó ṣẹ̀dá áàpù OAuth 2.0, ẹ ó mú Jira API lábẹ́ Permissions, ẹ ó sì kọ callback URL, ìyẹn àdírẹ́sì tí wọn yóò dá ẹni tó tẹ Accept padà sí. Èyí tó wà níbẹ̀ àti èyí tó wà nínú kóòdù yín gbọ́dọ̀ bára mu délẹ̀. Ìlà dídagun kan lẹ́yìn rẹ̀ ti tó kí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Áàpù tuntun kì í ṣí fún ẹlòmíràn ju ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ lọ, àyàfi bí ẹ bá yí i padà lábẹ́ Distribution. Àkáǹtì afárá la fi ṣẹ̀dá tiwa, nítorí náà a kò fọwọ́ kan ibẹ̀. Asana náà ní developer console tirẹ̀, ó sì jọ èyí, n kò ní tún un sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àríyànjiyàn ni scope, ìyẹn àwọn ohun tí a yọ̀ǹda fún áàpù. Ohun tí iṣẹ́ wa nílò ní Jira kò ju mẹ́ta lọ: read:jira-work àti write:jira-work, láti ka iṣẹ́ àti láti yí i padà, pẹ̀lú offline_access, tí màá ṣàlàyé níwájú. Àbúrò tó ń kọ kóòdù wa fẹ́ fi manage:jira-configuration, agbára láti yí ètò Jira fúnra rẹ̀ padà, kún un.

"Àǹtí, bóyá a máa nílò ẹ̀ tó bá yá."

"Tó bá yá náà la máa bèèrè ẹ̀."

"Àmọ́ a máa ní láti tún tẹ Accept nígbà yẹn."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Kí ẹnì kan jókòó, kó kà á, kó tó tẹ̀ ẹ́."

Ó gbà, kò dùn mọ́ ọn púpọ̀. Ní Asana, tasks:read, tasks:write àti projects:read la mú, pẹ̀lú èyí tó jẹ mọ́ webhook, ìyẹn ìròyìn tí irinṣẹ́ ń rán wá nígbà tí nǹkan bá yí padà. Àyè wà níbẹ̀ tí ẹ lè mú kí áàpù ní gbogbo agbára pátá lẹ́ẹ̀kan. Ìtẹ̀ kan ni, ó sì máa ń wu ọwọ́ tó ti rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Mo nífẹ̀ẹ́ ojú ewé ìyọ̀ǹda Atlassian gidigidi, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí. Orúkọ áàpù wa wà lókè, pé ó fẹ́ wọ inú àkáǹtì yìí. Lábẹ́ rẹ̀, ohun tó fẹ́ wò àti ohun tó fẹ́ yí padà tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò mọ kóòdù lè kà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyè tí ẹ ó ti yan site, ìyẹn ojúlé Jira, tí ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bọ́tìnì méjì ló gbẹ̀yìn, Accept àti Cancel. Mo pe ọ̀gá tó ń darí àwọn akọ̀wé wa wá síbẹ̀, mo ní kí wọ́n kà á fún mi sókè kí n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kà á. Wọ́n ní, "Ṣé kò rí owó oṣù?" Mo ní rárá, Mà, kò rí i. Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan tí kì í ṣe akọ́kóòdù nínú ilé-iṣẹ́ wa mọ ohun tí afárá náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Nínú líǹkì tó gbé wa dé ojú ewé yẹn, ohun kan wà tó ń jẹ́ state. Ọ̀rọ̀ kan tí kò nítumọ̀ ni, tí sáfà yín dá sílẹ̀ fún ìgbà yìí nìkan. Jira yóò dá a padà pẹ̀lú èsì, sáfà yín yóò sì wò ó bóyá òun náà ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Mo ti rí kóòdù tó ń fi state ránṣẹ́ tí kì í wò ó nígbà tó bá padà dé. Asán ni ìyẹn. Asana tún ń gba PKCE, ìlànà ọdún 2015 tó ń rí i pé ẹni tó béèrè kóòdù ìyọ̀ǹda, èyí tí wọ́n ń dá padà lẹ́yìn Accept, ló ń fi í pààrọ̀ token. A lò ó.

Àṣìṣe tiwa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti gba token. Jira kì í jẹ́ kí ẹ lọ tààrà sí àdírẹ́sì site yín. Ẹ ó kọ́kọ́ bi í ní àdírẹ́sì tó ń jẹ́ accessible-resources, yóò sì to gbogbo site tí token yín lè dé, pẹ̀lú cloudid (àmì ìdánimọ̀) ọ̀kọ̀ọ̀kan. Cloudid yẹn lẹ ó fi sínú àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú api.atlassian.com/ex/jira. A ní site méjì, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìdánwò, a sì ti tẹ Accept fún méjèèjì. Kóòdù wa mú èyí tó wà lókè. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá tó yẹ kó lọ sí ìdánwò ló bọ́ sí ojúlé iṣẹ́ gidi, tí àkọlé wọn jẹ́ "dánwò 1" títí dé "dánwò 14". A yí kóòdù náà padà kó máa wo URL site kó tó mú cloudid, a sì yọ site ìdánwò kúrò lára àkáǹtì afárá.

Èyí tó tẹ̀lé e le ju ìyẹn lọ, òun ló sì kọ́ wa ní iṣẹ́. Wákàtí kan ni access token, èyí tí afárá fi ń wọlé, fi ń wà láàyè, ní Jira àti ní Asana. Refresh token lẹ ó fi gba òmíràn, offline_access tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì ni Jira fi ń fún yín ní refresh token náà. Àmọ́ ti Atlassian ń yí padà: gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó, tuntun ló ń fún yín, ti àná sì ń kú. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú la tan afárá. Ní mọ́kànlá ó lọ gba token tuntun, ó rí i gbà, inú wa dùn. Ní méjìlá ó tún lọ, wọ́n dá a lóhùn pé invalid_grant, ìyẹn pé ohun tó mú wá kò wúlò. Kóòdù wa ti tọ́jú access token tuntun, ó sì gbàgbé pé refresh token tuntun wà nínú èsì kan náà. Èyí tó ti kú ló tún mú lọ.

A tún un ṣe ní ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó tún ṣẹlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ méjì lórí sáfà ló lọ gba token lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan sì fi tirẹ̀ bo ti èkejì mọ́lẹ̀ níbi tí a tọ́jú wọn sí. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé a fi ìdè sí i: ẹyọ kan ṣoṣo ló lè lọ gba token, yóò kọ refresh token tuntun sílẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ìyókù yóò dúró dè é. Láti ìgbà yẹn kò tíì kú mọ́. Ẹ tún rántí pé bí ẹ kò bá lò ó fún 90 ọjọ́, yóò kú fúnra rẹ̀. Afárá tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò ní ìṣòro ìyẹn, ṣùgbọ́n project tí ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ yóò ní i.

Client secret, ọ̀rọ̀ àṣírí áàpù wa, àti refresh token kò sí nínú fáìlì. Ibi ìpamọ́ àṣírí tó wà pẹ̀lú sáfà wa ni wọ́n wà, àkọsílẹ̀ sì wà fún gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wò wọ́n. Bí ẹ bá ti fi àṣírí sínú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe kóòdù, rí, ẹ má rò pé pípa á rẹ́ ti tó. Ìtàn git ṣì mú un dání. Ẹ yí àṣírí náà padà.

Webhook ló kù. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣọ́ token bí ojú, tí wọ́n á sì ṣí ẹnu ọ̀nà yìí sílẹ̀ gbayawu. Àdírẹ́sì tó ń gba ìròyìn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè rán irọ́ síbẹ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ti parí. Asana á kọ́kọ́ fi X-Hook-Secret ránṣẹ́, sáfà yín á sì dá a padà bó ṣe wà. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìròyìn ń wá pẹ̀lú X-Hook-Signature, àmì tí wọ́n fi àṣírí yẹn àti ìlànà HMAC SHA-256 ṣírò láti inú ìròyìn náà. Sáfà yín á ṣírò tirẹ̀, á fi méjèèjì wéra, bí wọn kò bá bára mu, á da ìròyìn náà nù. Jira náà ní irú rẹ̀, X-Hub-Signature, bí ẹ bá fi àṣírí sí webhook nígbà tí ẹ ń ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko ni tiwa fi kọ̀ láti bára mu. Kóòdù wa ti tú JSON náà, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi to ọ̀rọ̀ inú ìròyìn, ó tún un kọ, àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ sì ti yí padà kó tó ṣírò. Ìròyìn bó ṣe dé, láìfọwọ́ kàn án, lẹ ó ṣírò.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta, tí ìsopọ̀ yín kò ju kíka iṣẹ́ lọ, token lásán láti inú àkáǹtì tí kò rí ju project kan lọ ti tó yín, bí ẹ bá fi ọjọ́ ìparí sí i. API token tuntun ní Atlassian kò kúkú lè kọjá ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń wọlé tó ń jáde nínú ẹgbẹ́ yín, tàbí ohun kan wà nínú irinṣẹ́ yín tí kò yẹ kí gbogbo ojú rí, ẹ ṣe wàhálà OAuth. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà wá, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ àwọn àṣìṣe tí mo ti kọ sílẹ̀ yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dán ohun kan wò tí n kò gbójú dán wò nígbà tiwa àtijọ́. Mo fi àkáǹtì afárá wọlé, mo lọ sí ibi tí áàpù tó so mọ́ àkáǹtì wà, mo sì yọ tiwa kúrò. Kí wákàtí kan tó pé, 401 ti dé sínú àkọsílẹ̀, ìkìlọ̀ sì ti dé orí fóònù mi àti ti àbúrò. Kò sí ẹnikẹ́ni tí àkáǹtì rẹ̀ yí padà, kò sí pásíwọ́ọ̀dù tí a ní láti pààrọ̀. Mo padà sí ojú ewé ìyọ̀ǹda, mo ka àwọn ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tẹ Accept. Tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún tó ti ń dúró kọjá sí Asana níṣojú mi.